Èsì: Ṣé máàkì inú géèmù tó fi díwọ̀n òye ìdá àti dẹ́símà?

Ẹ kú iṣẹ́, olùkọ́ wa. Ẹ béèrè bóyá máàkì inú Kahoot, ìyẹn géèmù orí ayélujára tí àwọn ọmọ ti ń yan ìdáhùn sí ìbéèrè, tó láti fi díwọ̀n òye àwọn ọmọ nípa ìdá àti dẹ́símà. Lójú tèmi, kò tó, nítorí pé ẹni tó bá tètè dáhùn ni géèmù náà sábà máa ń fún ní máàkì jù. Ìdáhùn tí wọ́n ṣì gan-an ni kí ẹ yẹ̀ wò: ọmọ tó ní 0.35 ju 0.8 lọ ń ka 35 àti 8 bí odindi nọ́ńbà ni, ẹni tó sì ní 1/8 ju 1/4 lọ kò tíì mọ̀ pé bí ìpín bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń kéré sí i. Ẹ mọ̀ọ́mọ̀ fi irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ sáàárín àwọn àṣàyàn.