Ìlà ò pọ̀ sí i, kí ló dé tí tábìlì ń wú?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Orí PostgreSQL, ètò tó ń tọ́jú dátà, ni tábìlì ọjà táwọn oníbàárà wa ń bèèrè wà. Ìlà inú rẹ̀ ò kúrò ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 10, àmọ́ fáìlì rẹ̀ ń wú ni. Ipò ọjà là ń yí lemọ́lemọ́: wọ́n ti sanwó, a ti di ẹrù, ó ti délé. Mo ṣe VACUUM, àyè tó gbà lórí dísìkì ò dín. Ètò wo ni kí n yí?

Ìdáhùn: VACUUM yín ò já sí asán. UPDATE, àṣẹ tẹ́ ẹ fi ń yí ipò ọjà, kì í kọ nǹkan lé ìlà àtijọ́ lórí. Ìlà tuntun ló ń kọ, òkú ti tẹ́lẹ̀ á wà nílẹ̀. VACUUM ń kó òkú yẹn kúrò kí ìlà míì lè wọ àyè rẹ̀. Kì í dá àyè padà fún dísìkì, àfi èyí tó bá ṣófo nídìí fáìlì.

Ó jọ pé autovacuum yín, ìyẹn VACUUM tó ń dá ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀, ń pẹ́ dé. Bó ṣe wà látilẹ̀, ó ń dúró de òkú 50 àti ìdá 20 nínú 100 gbogbo ìlà. Ìyẹn ju mílíọ̀nù 2 lọ lọ́dọ̀ yín! Ẹ dín in kù sí ìdá 1 nínú 100 fún tábìlì yẹn nìkan:

ALTER TABLE orders SET (autovacuum_vacuum_scale_factor = 0.01, fillfactor = 85);

Ní ti fillfactor, ìyẹn bí ojú ewé inú fáìlì ṣe máa kún tó nínú ìdá 100, 100 ló máa ń wà: wọ́n á ki ojú ewé 8 KB kọ̀ọ̀kan dé ẹnu bí àpò gàrí. Pẹ̀lú 85, ìlà tuntun á ráyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́, index (atọ́ka tó ń mú kí wíwá ìlà yá) ò sì ní gba àkọsílẹ̀ tuntun. HOT (Heap-Only Tuple) là ń pè é. Àmọ́ bí index bá wà lórí òpó ipò ọjà, HOT ò ní ṣẹlẹ̀. Ẹ fi n_tup_hot_upd (iye UPDATE tó jẹ́ HOT) wé n_tup_upd (gbogbo UPDATE) nínú pg_stat_user_tables. Ojú ewé tuntun nìkan ni 85 yìí sì máa mú. Èyí tó ti kún ń fẹ́ pg_repack (irinṣẹ́ tó ń tún tábìlì tò), tàbí VACUUM FULL lóru, torí VACUUM FULL máa ń ti tábìlì pa, kíkà gan-an ò ní ṣeé ṣe.

Kẹ́ ẹ tó ṣe gbogbo èyí, ẹ wá "idle in transaction" nínú pg_stat_activity, ìyẹn ẹni tó fi BEGIN ṣí iṣẹ́ tí kò sì tíì fi COMMIT parí ẹ̀. VACUUM ò lè kó òkú tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣì lè rí. Mo ti fi odidi ọ̀sán kan tún ètò autovacuum ṣe rí, àṣé èmi fúnra mi ni mo kọ BEGIN láàárọ̀ tí mi ò kọ COMMIT.