Ṣé omi orúnkún ìyá mi ló gbẹ?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìyá mi, ẹni ọdún 64, ń ta ẹja lọ́jà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́. Orúnkún ọ̀tún ń dùn wọ́n, ó sì ń ró kẹ́kẹ́ bí wọ́n bá ń dìde lórí àpótí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní omi orúnkún ló gbẹ, pé kí wọ́n máa jókòó sílé. Àgúnmu kan wà tí wọ́n ń lò, kíákíá ló ń mú ìrora náà lọ. Kí la lè ṣe?

ÌDÁHÙN: Omi kọ́ ló gbẹ. Nínú irú orúnkún bẹ́ẹ̀, omi a tilẹ̀ máa pọ̀ jù nígbà mìíràn, tí orúnkún á fi wú. Kèrékèré tó ń dán, tó bo orí egungun níbi tí wọ́n ti pàdé, ló ń jẹ. Bó ṣe ń fẹ́lẹ́ ni egungun abẹ́ rẹ̀ ń hu ṣóńṣó létí. Osteoarthritis ni àwọn dókítà ń pè é. Bí èèyàn bá lo oríkèé náà, á dùn. Bó bá sinmi, á rọlẹ̀. Á gan láàárọ̀, àmọ́ kì í sábà ju ìṣẹ́jú 30 lọ. Èyí tó bá ń gan ju wákàtí kan lọ, àrùn mìíràn ni ká fura sí. Bó bá sì gbóná, tó wú, tí ibà tún dé, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n jókòó sílé. Kèrékèré kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀. Inú omi oríkèé yẹn ló ti ń jẹun, ìrìn ló sì ń ti oúnjẹ náà wọlé. Iṣan iwájú itan, tó ń di orúnkún mú, náà á rọ bí kò bá ṣiṣẹ́. Kí wọ́n jókòó sórí àga, kí wọ́n na ẹsẹ̀ kan gbọọrọ, kí wọ́n ka 1 dé 5, kí wọ́n rọra sọ ọ́ kalẹ̀. Ìgbà 10 fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, láàárọ̀ àti lálẹ́. Bó bá dùn wọ́n jù lọ́jọ́ kejì, ẹ dín in sí 5.

Àpótí ọjà yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀, orúnkún ló sì ń jìyà rẹ̀. Ẹ wá àga tí ìdí wọn á fi ga ju orúnkún lọ, kí ẹ gbé ọpọ́n ẹja sórí tábìlì. Bí wọ́n bá ń lo ọ̀pá, ọwọ́ òsì ni, nítorí ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ń dùn. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣì í mú.

Àgúnmu yẹn ló kọ wá lóminú jù. Àwọn kan máa ń lọ dexamethasone, oògùn òyìnbó kan tó lágbára, mọ́ irú rẹ̀, oògùn yìí sì ń gbé ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, ó ń sọ egungun di ẹlẹgẹ́. Bí wọ́n bá ti lò ó ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, kí wọ́n má dá a dúró lójijì. Ẹ gbé e lọ han dókítà, kí ẹ sì bi í léèrè nípa jẹ́ẹ̀lì diclofenac tí wọ́n ń fi pa orúnkún.