Èsì: Bí Mulder àti Scully ṣe máa dé ọ́fíìsì Benson àti Stabler

Àbúrò, o ní ò ń kọ ìtàn àròsọ tó da eré tẹlifíṣọ̀n méjì pọ̀: Mulder àti Scully, aṣojú FBI (ọlọ́pàá ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà) nínú The X-Files, pẹ̀lú Benson àti Stabler, ọlọ́pàá New York nínú Law & Order: SVU. Munch ni kí o fi ṣe afárá. O ní orí kẹta ti há nítorí pé o ò rí ìdí tí àwọn méjì láti FBI á fi wọ ọ́fíìsì ọlọ́pàá New York. Ìdí ti wà nílẹ̀: John Munch yọjú nínú The X-Files lọ́dún 1997 gẹ́gẹ́ bí ọlọ́pàá Baltimore, òun náà ló sì wá wà nínú Law & Order: SVU láti 1999. Richard Belzer ló ṣe é níbi méjèèjì. Òun ni kó tẹ Mulder láago.

Àmọ́ ìyẹn á ṣiṣẹ́ bí ìtàn rẹ bá bọ́ sáàárín ìparí 1999 sí oṣù kẹrin 2000. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn ẹ̀dá àjèjì láti òfuurufú ti gbé Mulder lọ nínú The X-Files.

Má sì jẹ́ kí FBI ṣàdédé gba ẹjọ́ ìpànìyàn lọ́wọ́ ọlọ́pàá ìlú. Jẹ́ kí wọ́n jí ọmọ kan gbé kọjá ààlà ìpínlẹ̀.

Ní ti ohun tí o sọ pé gbogbo wọn kàn ń rojọ́ nínú yàrá kan, tú wọn ká:

1. Scully pẹ̀lú Stabler. Kátólíìkì làwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n dókítà ni tibí, onínúfùfù ni tọ̀hún. (Èmi á kàn kọ ìyẹn nìkan ni!)

2. Mulder pẹ̀lú Benson. Ọ̀kan ń wá àbúrò rẹ̀ tó sọnù, èkejì ò mọ bàbá tó bí i. Fi wọ́n sínú mọ́tò lóru, kí ẹnikẹ́ni má tètè sọ tinú rẹ̀.