Ṣé fìlítà lè fi x-ray ìràwọ̀ tó bú gbàmù hàn wá?

Ìbéèrè: Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Wọ́n ní ìràwọ̀ T Coronae Borealis máa tó bú gbàmù. Ẹnì kan fẹ́ ta awò awọ̀nàjíjìn fún mi, pẹ̀lú fìlítà tó ní ó ń fi x-ray àti gamma-ray hàn. Ṣé kí n rà á?

Ìdáhùn: Ẹ má rà á. Awò yẹn fúnra rẹ̀ lè dáa, mi ò tíì rí i. Fìlítà yẹn ni mò ń bá wí, ìbéèrè nípa rẹ̀ sì ti pọ̀ jù.

Asẹ́ ni fìlítà. Asẹ́ tí a fi ń sẹ́ ògì kì í bu ògì kún ògì. Ohun tí a dà sí i ló ń sẹ́. X-ray ojú ọ̀run, ìtànṣán tí ojú kò lè rí, kì í sì í dé ibi tí ẹ dúró sí rárá, afẹ́fẹ́ tó bo ayé ti gbé e mì lókè lọ́hùn-ún. Kódà kó dé, dígí inú awò yín kò lè dá a padà bó ṣe ń dá ìmọ́lẹ̀ padà. Ṣe ló máa wọnú dígí náà lọ. Ìdí nìyẹn tí dígí inú Chandra, awò x-ray tí Amẹ́ríkà gbé lọ sí òfuurufú ní 1999, fi rí bí àgbá tí kò nídìí, ìpele mẹ́rin nínú ara wọn, kí x-ray lè máa fẹ̀gbẹ́ ta lára rẹ̀ bí òkúta pẹlẹbẹ tí ọmọdé jù sójú odò.

Gamma-ray, tó lágbára ju x-ray lọ, ńkọ́? Nígbà tí RS Ophiuchi, ìràwọ̀ tó jọ T Coronae, bú ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, àwọn awò H.E.S.S. ní Namibia rí i, èyí tó tóbi jù nínú wọn fẹ̀ tó mítà 28. Síbẹ̀, kì í ṣe gamma-ray gan-an ni wọ́n rí. Bó bá kọ lu afẹ́fẹ́, ó ń bí ìmọ́lẹ̀ búlúù kan tó ń kọ mọ̀nà tó sì ń kú kí ojú tó ṣẹ́. Irú ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀ jẹ́ méjì tó ń yí ara wọn po: ìràwọ̀ funfun kékeré ló ń fa gáàsì lára ìràwọ̀ pupa ńlá. Bí gáàsì náà bá gbiná, ohun tó tú jáde á lọ forí sọ atẹ́gùn tó ń fẹ́ lára pupa náà, ibẹ̀ ni gamma-ray ti ń wá láàárín ọjọ́ díẹ̀. X-ray láti ara funfun náà fúnra rẹ̀ máa ń pẹ́ tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó hàn, àfi bí gáàsì tó bò ó bá ti fọ́nká. Awò kan ṣoṣo kò lè rí gbogbo èyí.

Awò olójú méjì 10×50 tó fún yín. Ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ T Coronae báyìí jẹ́ 10 (bí nọ́ńbà ṣe ń ga ni ìmọ́lẹ̀ ń kéré), ojú lásán kò lè rí i. Ó bú ní 1866 àti 1946. Bó bá tún bú, ó lè dé 2, kó sì tún wọmi láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan. Kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ náà. Ní oṣù kẹfà, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́, ẹ kọjú sí àríwá kí ẹ gbójú sókè dáadáa: ẹ ó rí ọ̀wọ́ ìràwọ̀ tó tẹ̀ kọdọrọ bí ààbọ̀ ẹ̀gbà ọwọ́, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni T Coronae wà, bí òjò bá gbà yín láyè. Alphecca ló mọ́lẹ̀ jù níbẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 2.2, òun ni kí ẹ fi wé. Ẹ kọ aago sílẹ̀, kí ẹ yọ wákàtí kan kúrò nínú aago Nàìjíríà kó lè bá aago àgbáyé (UT) mu, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí AAVSO, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣọ́ ìràwọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ wọn ń yí padà.

Bí wọ́n bá fún yín ní fìlítà oòrùn kékeré tí wọ́n ń dè mọ́ ibi tí à ń gbójú sí, ẹ jù ú nù. Ooru máa ń sán an, ẹ̀yin ojú yín ló sì wà lẹ́yìn rẹ̀.