Rédíò parọ́ mọ́ búrẹ́dì mi, ṣé kí n ní kí ìjọba tì wọ́n pa?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Búrẹ́dì ni mò ń ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá rédíò kan dárúkọ búrẹ́dì mi nínú ìròyìn àárọ̀ pé bọ́rómètì, kẹ́míkà tí wọ́n ti fòfin dè nínú búrẹ́dì, ló kún inú ẹ̀. Wọn ò pè mí, wọn ò wá síbẹ̀, látọjọ́ náà ni àwọn oníbàárà ti ń dá búrẹ́dì padà. Ọkọ mi ní kí n kọ̀wé sí NBC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, kí wọ́n lọ ti ilé iṣẹ́ rédíò náà pa. Ṣé kò yẹ kí ìjọba máa fìyà jẹ rédíò tó bá parọ́ ni?

ÌDÁHÙN: Ìyá oníbúrẹ́dì, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọ̀rọ̀ yín dùn mí gan-an, torí ọdún 19 ni mo lò nínú newsroom, mo mọ bírú ẹ̀ ṣe máa ń ṣẹlẹ̀. Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, ìròyìn aago méje ò tíì kún, ẹnì kan á fi voice note ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹni tó yẹ kó pe nọ́ńbà kan péré kó fi wádìí á máa wo aago, á ní ẹ jẹ́ ká kà á bẹ́ẹ̀. Àwa náà ṣe é rí. A kéde ikú bàbá olóyè kan, aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, bàbá fúnra wọn ló pè wá lórí fóònù, "Ta ló ní mo kú?" Ọ̀gá wa ò bá wọn jiyàn. Lọ́jọ́ kejì, aago méje yẹn náà, ohùn tó kéde ikú náà ló tọrọ àforíjì, a sì fún bàbá ní ìṣẹ́jú mẹ́ta kí wọ́n sọ tẹnu wọn, wọ́n fi kí gbogbo àwọn tó ti ń múra láti pín ogún wọn, wọ́n kí wọn níkọ̀ọ̀kan ni o.

Irú nǹkan tẹ́ ẹ nílò nìyẹn, kí wọ́n tún un ṣe níbi tí wọ́n ti bà á jẹ́. Tí ìjọba bá ti rédíò yẹn pa lọ́la, ta ló máa wá sọ fáwọn oníbàárà yín pé irọ́ ni?

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o, mi ò ní kí òfin má sí. Ó ti wà. Látọdún 1992 ni NBC ti wà, code wọn, ìyẹn ìwé ìlànà wọn, sì sọ ọ́ pé ìròyìn gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́, pé tí àṣìṣe bá wọ̀ ọ́ kí wọ́n tún un ṣe. Mo fara mọ́ ìyẹn. Ibi tí mi ò ti bá wọn lọ ni kí àwọn tí ìjọba yàn jókòó s'Ábújá kí wọ́n ní irọ́ lèyí, kí wọ́n tún fúnra wọn bu fáìnì, kí wọ́n fúnra wọn gbowó ẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2019 wọ́n bu fáìnì 500,000 náírà lé ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n 45 lórí, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn o. Media Rights Agenda, ẹgbẹ́ kan tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn oníròyìn, gbé e lọ sí kọ́ọ̀tù, ní May 10, 2023 Adájọ́ James Omotosho ti Kọ́ọ̀tù Gíga Ìjọba Àpapọ̀ l'Ábújá ní NBC kì í ṣe kọ́ọ̀tù, wọn ò lágbára láti bu fáìnì lé ẹnikẹ́ni. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ohun tí rédíò yẹn ṣe fún yín náà ni ìjọba ń ṣe fún rédíò.

Ìjọba gan-an ni ìròyìn sì máa ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ jù. Nígbà EndSARS, October 2020, Channels, AIT àti Arise jẹ fáìnì torí wọ́n lo fídíò orí íntánẹ́ẹ̀tì tí NBC ní wọn ò wádìí ẹ̀ dáadáa. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n má wádìí ẹ̀ tó lóòótọ́, ṣùgbọ́n ṣé ìjọba táwọn èèyàn ń wọ́de lé lórí ló yẹ kó dá ẹjọ́ yẹn? Àwa tá a ti dàgbà ò sì gbàgbé Decree 4, òfin tí ìjọba ológun ṣe ní 1984. Òfin yẹn ní kí wọ́n fìyà jẹ ẹni tó bá kọ irọ́ nípa òṣìṣẹ́ ìjọba, àbí ohun tó sọ wọ́n di yẹ̀yẹ́, ọ̀rọ̀ "àbí" yẹn ni kẹ́ ẹ wò dáadáa. Tunde Thompson àti Nduka Irabor ti The Guardian ló lọ sẹ́wọ̀n lórí ẹ̀.

Àwọn èèyàn wa ní Lọ́ńdọ̀nù á ní Ofcom, àjọ tó ń mójú tó rédíò àti tẹlifíṣọ̀n lọ́dọ̀ tiwọn, ńkọ́. Ofcom ń fìyà jẹ wọ́n lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe mínísítà ló ń pàṣẹ fún un, tiwa rèé, òfin NBC fúnra ẹ̀ fún mínísítà láyè kó máa pàṣẹ fún wọn. Ẹ̀tọ́ láti fèsì lèmi fẹ́ kí òfin dì mú ṣinṣin. Ní 1953, gómìnà Macpherson tí àwọn òyìnbó fi ṣàkóso Nàìjíríà bú àwọn Action Group, ẹgbẹ́ òṣèlú Awólọ́wọ̀, lórí rédíò, Awólọ́wọ̀ ní kí wọ́n jẹ́ kóun fèsì, wọ́n kọ̀. Wọ́n ní ìbínú yẹn wà lára ohun tó bí WNTV, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn, ní 1959. Ẹ̀yin ò lówó tẹ ẹ máa fi dá tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀, torí náà lẹ́tà ni.

Ẹ kọ ọ́ sí máníjà rédíò yẹn, kì í ṣe sí NBC. Ẹ kọ ọjọ́, aago, ohun tí wọ́n sọ gan-an, ẹ so nọ́ńbà NAFDAC yín mọ́ ọn, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n tún un ṣe nínú ìròyìn àárọ̀ kan náà, kí wọ́n sì gbọ́ tẹnu yín. Ẹ fún wọn ní ọjọ́ méje. Tí wọ́n bá kọ̀, ẹ fi ẹ̀dà lẹ́tà yẹn ránṣẹ́ sí NBC, ẹ wá lọ́yà kan tó mọ ẹjọ́ ìbanilórúkọjẹ́. Níbẹ̀, rédíò ló máa fi hàn pé òótọ́ lòún sọ, ẹ̀yin kọ́ lẹ máa fi hàn pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá rí i fi hàn, ẹjọ́ parí nìyẹn, torí náà kẹ́ ẹ tó kọ lẹ́tà kankan ẹ gbé búrẹ́dì yẹn lọ fún láàbù kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ tún bi àwọn ọmọ tó ń po ìyẹ̀fun fún yín dáadáa, torí àwọn kan máa ń dá ọgbọ́n tiwọn lẹ́yìn ọ̀gá.

Rìkọ́dù ìròyìn yẹn náà, ẹ tètè wá a. Ọ̀pọ̀ rédíò ló ń gbé ìròyìn wọn sórí Facebook báyìí, ẹ lọ wò ó níbẹ̀ lónìí kí wọ́n tó yọ ọ́.