Àǹtí mi, òtútù fẹ́ pa mí, ṣé kí n máa bọ̀ nílé?

Àbúrò wa kan tó kúrò ní Àdéwọlé n'Ílọrin lọ bá ọkọ ẹ̀ ní Aberdeen, Scotland, lóṣù September ló kọ̀wé sí mi. Ó ní látìgbà tí November ti wọlé òun ò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì mọ́, òun kàn ń sunkún ṣáá, ọwọ́ òun ti là, ọkọ òun ní ọ̀lẹ lòun, màmá òun sì ti ń káàkiri ọ̀dọ̀ àwọn ààfáà pé ayé ló ń ṣe òun.

Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́, o kú ìrọ́jú. Jẹ́ n kọ́kọ́ sọ èyí tó dùn mí jù. O ní o máa ń fi fọ́tò sínóò ránṣẹ́ sí màmá ẹ, ìwọ rèé nínú kọ́ọ̀tù pupa, eyín síta, tó o bá sì ti fi ránṣẹ́ tán o máa ń padà sábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì lọ sunkún. Báwo lo ṣe fẹ́ kí wọ́n mọ̀? Ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín ní Monday, tí ọkọ ẹ̀ wá pè ní Thursday pé kò jẹun kò dìde, ta ni ò ní fura? Mi ò dá wọn lẹ́bi rárá.

Òtútù lo pè é, àmọ́ òkùnkùn ni mo rí jù nínú lẹ́tà ẹ. Ìwọ lo kọ ọ́ pé kó o tó kí àlàásárì tán mọ̀gàríbì ti dé, aago mẹ́ta ààbọ̀ ọ̀sán! Nílé ńbí, láàárín aago mẹ́fà kọjá díẹ̀ sí nǹkan bí aago méje ni, yípo ọdún. Ní Aberdeen tó bá ti di àárín December, ojúmọ́ ò pé wákàtí méje, ara tó ti fi gbogbo ayé ẹ̀ yá oòrùn Ìlọrin gbọ́dọ̀ bèèrè ẹ̀. Àwọn dókítà mọ̀ ọ́n, seasonal affective disorder ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó máa ń dé nígbà tí oòrùn bá kéré, àwọn òyìnbó tí wọ́n bí síbẹ̀ gan-an ń ní in. Lọ bá GP yín, ìyẹn dókítà àdúgbò yín, sọ gbogbo ẹ̀, títí kan ẹkún yẹn. Tí ọkàn ẹ bá sì ń sọ pé o ò fẹ́ wà láyé mọ́, má dúró de ọjọ́ kankan, pe 999, nọ́ńbà pàjáwìrì ibẹ̀. Máa jáde ní aago méjìlá ọ̀sán, ojú ọjọ́ tó ṣú gan-an ṣì mọ́lẹ̀ ju iná yàrá lọ. Kó o sì máa lo vitamin D, 10 microgram lójúmọ́, ìlànà ìlera tiwọn gan-an ló ní kí àwa aláwọ̀ dúdú ronú nípa ẹ̀ yípo ọdún.

Ti òtútù, mo lọ kí ọmọ mi ní Manchester ní January kan, kọ́ọ̀tù ràgàjì kan ni mo gbé wọ̀ lórí bùbá, mo gbọ̀n bí adìyẹ òjò pa. Ẹ̀wù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mẹ́ta lórí ara wọn ló ń ṣiṣẹ́, afẹ́fẹ́ tó há sáàárín wọn ni kì í jẹ́ kí ooru ara sá lọ. Ọwọ́ tó là, òrí ni, kí màmá bá ẹ ra ti Ọjà Ọba. Á le gbagidi nínú ike níbẹ̀ yẹn, fi èékánná ha díẹ̀, fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pa á títí á fi yọ́, kó o fi para kí omi ìwẹ̀ tó gbẹ tán. Ẹ má sì tìtorí owó híítà gbé eédú wọ yàrá o, ó ń pànìyàn.

Ọkọ ẹ, ka èyí sí i létí. Òun ń jáde, ó ń rí èèyàn, ìwọ àti ògiri lẹ jọ ń wojú ara yín.

Má tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ní June oòrùn ibẹ̀ kì í wọ̀ títí aago mẹ́wàá alẹ́, jẹ́ kójú ẹ rí ìyẹn ná.

Ti màmá ni ò lè dúró. Lónìí, aago mẹ́rin ààbọ̀ tiyín, fi vídíò pè wọ́n, má kun páúdà, sún fóònù mọ́ fèrèsé kí wọ́n rí bó ṣe dúdú. Aago márùn-ún ààbọ̀ ni n'Ílọrin nígbà yẹn, oòrùn á ṣì wà lórí páànù, wọn ò tíì ní ká aṣọ tí wọ́n sá.