Èsì: Bíréèkì tó rọ̀ lórí òkè Ẹ̀fọ̀n

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ewu ọ̀nà. Ẹ ní pẹ́dàlì bíréèkì rì mọ́ yín lẹ́sẹ̀ bí ẹ ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ láti Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, ẹ sì bèèrè bí a ṣe ń wọn ooru díìsì, ìyẹn irin róbótó tó ń bá táyà yí, tí bíréèkì ń fún kí ọkọ̀ tó dúró. Lójú tèmi, ọ́ìlì bíréèkì yín ló hó. DOT 3, oríṣi ọ́ìlì bíréèkì kan, tó bá jẹ́ tuntun, ń hó ní nǹkan bíi 205°C, àmọ́ ó máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Tó bá ti gbó, 140°C lè mú un hó.

Ẹ̀rọ tó dà bí ìbọn, tó ń wọn ooru láti òkèèrè, dára. Ṣùgbọ́n ẹ má nà án sí ojú díìsì tó ń dán, irọ́ ló máa pa fún yín, iye tó kéré ni yóò gbé jáde. Ẹ wọn etí rẹ̀ tó ti dípẹtà. Kí ẹ sì fi ọ̀tún wé òsì lẹ́yìn ìrìn pẹrẹsẹ: bí ọ̀kan bá gbóná ju èkejì lọ fíìfíì, kálípà ibẹ̀, ìyẹn ohun tó ń fún páàdì mọ́ díìsì, ló há. Ó ṣe mí bẹ́ẹ̀ láàárín Ìkẹ́rẹ́ sí Adó, òórùn páàdì ni mo fi mọ̀.

Tẹ́ ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, jíà kejì ni kẹ́ ẹ wà. Ẹ má fi ẹsẹ̀ lé bíréèkì títí; ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa, kẹ́ ẹ tú u sílẹ̀ kó mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da omi sí díìsì gbígbóná, ó lè sán! Kí mẹkáníìkì fa ọ́ìlì àtijọ́ dànù, kó rọ DOT 4 tuntun sí i.